Iṣan Tí Kò Fọhùn

“Kò dún,” ni Ọ̀gá wí.

Inú tíátà iṣẹ́ abẹ ni wọ́n wà. Ó tún fi orí ọ̀pá tín-ín-rín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan okùn funfun kan nínú ọrùn obìnrin kan tí wọ́n là sílẹ̀ láti gé gẹ̀gẹ̀ rẹ̀, ó sì gbójú wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹ̀rọ náà pa rọ́rọ́. Ìlà tó wà lójú rẹ̀ nà gbalaja, kò mì, kò fò.

“Bí kò bá ti dún, kì í ṣe iṣan ohùn,” ni Ọ̀gá tún sọ. “Iṣan ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Ẹ gbé àlùmọ́gàjí fún mi.”

Níbi orí ibùsùn, lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta láti fi pààlà sáàárín ojú aláìsàn àti ọrùn rẹ̀, dókítà tó kun obìnrin náà lóorun bojú wo abọ́ oògùn rẹ̀, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tó fà á tí ẹ̀rọ kò fi dún. Síríńjì mẹ́ta ló yẹ kó ṣófo níbẹ̀. Ó kà wọ́n. Mẹ́rin ló ṣófo. Bébà pupa wà lára ìkẹrin yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ìyá Oorun ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí kò sì bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Oorun. Òun ló ń kun àwọn aláìsàn lóorun kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n, òun náà ló sì ń jí wọn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọwọ́ tó yá náà ló wá kó bá a báyìí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn kò le títí. Lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí lọ́rùn èèyàn, iṣan méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọn kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Àwọn ló ń gbé iṣẹ́ lọ bá tán-án-ná tí a fi ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé ọ̀kan, ohùn á di fáú-fáú bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára táyà. Bó bá gé méjèèjì, èémí gan-an di wàhálà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti rọ́bà tó ní wáyà lára bọ ọ̀fun aláìsàn. Bí oníṣẹ́ abẹ bá fi ọ̀pá kan iṣan ohùn, tán-án-ná á mira, wáyà á mọ̀ ọ́n lára, ẹ̀rọ á sì ké. Ohun tó bá ké, wọn kì í gé e.

Àmọ́ oògùn kan wà tí àwọn olóorun ń pè ní amúnirọ láàárín ara wọn. Ó ń mú kí gbogbo ẹran ara rọ jọwọrọ. Kékeré wà, ìyẹn kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lára. Ńlá wà, ìyẹn ń pẹ́. Ẹran tó ti rọ kì í mira. Ẹni tó bá fún aláìsàn gẹ̀gẹ̀ ní amúnirọ ńlá kàn gbé ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ni.

Ìyá Oorun mọ èyí bí ẹni mowó. Òun ló kọ́ àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ náà dé. Bàbá onípàá kan ló fa amúnirọ ńlá inú síríńjì oníbébà pupa yẹn dè, ẹni tí wọ́n máa gbé wọlé ṣìkejì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yẹn, rọ́bà kọ̀, kò jókòó dáadáa. Ẹ̀rọ ń kùn. Ó yọ rọ́bà, ó tún un kì. Ọ̀gá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì tó ti fọ̀ sókè, ó ń wí pé, “Ṣé ibí la máa sùn ni?” Nínú ìkánjú yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án: rọ́bà wọlé tán, ó mú síríńjì tó kàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í bi èèyàn léèrè kó tó ṣe é.

Nọ́ọ̀sì àgbà ti mú àlùmọ́gàjí.

Ẹ má rò pé ó rọrùn láti la ẹnu. Má-mí-kanlẹ̀ ni wọ́n ń pe Ọ̀gá lẹ́yìn, nítorí bó bá ti mú ọ̀bẹ, ẹni tó bá mí kanlẹ̀ nínú tíátà á fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ó ti lé dókítà kan jáde rí lójú iṣẹ́, aṣọ tíátà ni ẹni yẹn wọ̀ délé. Òun náà ló sì máa fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi sọ Ìyá Oorun di olórí ẹ̀ka rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èrò burúkú kan sọ sí i lọ́kàn, pé kó kàn sọ pé wáyà ló yọ. Àmọ́ wọ́n á tún wáyà kì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kò ní dún síbẹ̀, Ọ̀gá á sì gé ohun tó fẹ́ gé.

Obìnrin tó wà lórí ibùsùn yìí sì ti bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀, kí wọ́n tó tì í wọlé, ó nawọ́ sí ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

“Ṣé ẹ rí baálé mi yẹn? Ojú wọn ò ríran. Ọdún kọkànlélógún rèé. Àga ni wọ́n ń hun, èmi ni mo máa ń sọ àwọ̀ okùn fún wọn. Ohùn mi ni wọ́n fi ń rìn. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró, kódà bí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè.” Ó rẹ́rìn-ín, gẹ̀gẹ̀ náà sì bá a mì. “Ẹ wò ó, dókítà mi, bí mo bá wá dẹni tí ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí mo wá ń juwọ́, ta ni mò ń juwọ́ sí?”

Ìyá Oorun náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. A máa bá yín ṣọ́ ọ.”

“Ọ̀gá, ẹ má gé e!”

Ariwo náà jáde lẹ́nu Ìyá Oorun ju bó ṣe rò lọ. Ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ fò sókè níbi tó dúró sí.

“Ta ló ń pariwo nínú tíátà mi?”

“Èmi ni, sà. Ẹ̀rọ yẹn ò lè dún. Mo ti fún un ní amúnirọ ńlá.”

“O fún un ní kí ni?”

“Èyí tí mo fà de bàbá onípàá. Mo ṣì í mú, sà. Bí ẹ bá fi ọ̀pá yẹn kan iṣan ohùn títí di ọ̀la, kò ní dún.”

Ọ̀gá kò gbé ojú kúrò nínú ọrùn náà. Ìbomú ti bo ẹnu rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, òógùn sì ti bo ibẹ̀.

“Ọdún mélòó lo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí?”

“Mẹ́sàn-án, sà.”

“Mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Òótọ́ kúkú ni.

“Mo ti rí iṣan ohùn ní tèmi,” ni Ọ̀gá wí. “Òun ló wà lẹ́yìn yẹn. Èyí tó wà níwájú yìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ó sì ń dí mi lọ́nà. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ aláriwo yìí dé ni mo ti ń gé gẹ̀gẹ̀. Nọ́ọ̀sì, àlùmọ́gàjí.”

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀, sà.” Ìyá Oorun tọ́ka sí ẹ̀rọ tó pa rọ́rọ́. “Àmọ́ ojú lásán lẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú. Oògùn yẹn á rọlẹ̀, màá fún un ní èyí tó ń tú u, ẹ̀rọ á sì sọ tẹnu rẹ̀.”

“Èyí tó ń tú u lójú ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ti tán láti oṣù tó kọjá.”

“Ogójì ìṣẹ́jú! Kí ọrùn èèyàn ṣí sílẹ̀ gbayawu!” Ó na ọwọ́ láìwẹ̀yìn. “Àlùmọ́gàjí.”

Nọ́ọ̀sì àgbà kò fi í lé e lọ́wọ́. Obìnrin yìí ti ń gbé irinṣẹ́ fún Ọ̀gá láti ìgbà tí irun orí Ọ̀gá ṣì dúdú, ó mọ ìgbà tó ń bínú, ó sì mọ ìgbà tí ẹ̀rù ń bà á.

“Ọ̀gá,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “àlùmọ́gàjí ò ní sá lọ. Ọwọ́ mi náà ló máa wà.”

Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lófìfo fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká a kò.

“Ẹ rẹ gọ́ọ̀sì sómi,” ó wí. “Ẹ fi bo ọrùn náà.”

Dídúró yẹn ló wá le jù. Ìyá Oorun so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọrùn ọwọ́ aláìsàn. Bó bá tẹ̀ ẹ́, iná díẹ̀ á ta ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹrin, bí amúnirọ bá sì ti ń kúrò lára, àtàǹpàkò á fò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò kò fò rárá.

Iṣẹ́ rẹ̀ di méjì. Bí amúnirọ ṣe ń lọ, oorun nìkan ló kù tó di obìnrin náà mú. Bí oorun bá fúyẹ́, á wúkọ́, ikọ́ ẹyọ kan sì tó láti sọ ọrùn tó ṣí náà di ẹ̀jẹ̀. Bí oorun bá pọ̀ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀. Ó ń fi oògùn kún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ àlejò.

“Mélòó?” ni Ọ̀gá bèèrè. Ó ti jókòó sórí àpótí, ó pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ àyà kó má baà fara kan nǹkan.

“Kò tíì sí, sà.”

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá.

“Mélòó?”

“Ẹyọ kan.”

Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ ìfúnpá figbe ta. Ìfúnpá obìnrin náà ti wálẹ̀ sí àádọ́rin. Ìyá Oorun dín oorun kù, ó ṣí omi tó ń kán sí i lára dé òpin, ó fún un ní abẹ́rẹ́ kan, ó sì tẹ̀ sórí etí rẹ̀. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí sí mi,” ó ń sọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìbomú, bí ẹni pé ó ń gbọ́ ọ. Àádọ́rin. Àádọ́rin. Márùndínlọ́gọ́rin. Nígbà tó di àádọ́rùn-ún, ó rí i pé òun ti di etí ibùsùn mú débi pé ìka òun ti ń ro òun.

Ọ̀gá ló ṣàdédé bèèrè, kò sì jọ pé ẹnì kankan ló ń bi:

“Èé ṣe tí mi ò fi yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀rẹ̀?”

Òfin kan wà tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Kí ọwọ́ tó kan gẹ̀gẹ̀ rárá, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀pá kan iṣan ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Bí ẹ̀rọ bá ké, ẹ̀rọ wà láàyè. Bí kò bá ké, wọ́n á wádìí. Lónìí, wọn kò ṣe é. Ká ní wọ́n ṣe é ni, àṣìṣe Ìyá Oorun ì bá ti hàn kí wọ́n tó rìn jìnnà.

“Ẹ ní aago ti lọ, sà,” ni nọ́ọ̀sì àgbà dá a lóhùn.

“Mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó mi orí. Nígbà tó yá, Ìyá Oorun sọ pé àtàǹpàkò ti fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́rin, àti pé òun ti fún un ní oògùn tó ń tú amúnirọ. Wọ́n tún dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àtàǹpàkò fò lẹ́ẹ̀mẹrin gbáko.

Ọ̀gá dìde, ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, ó ṣí gọ́ọ̀sì, ó sì mú ọ̀pá. Iṣan ńlá ẹ̀gbẹ́ ọrùn ló kọ́kọ́ kàn.

Píìn! ni ẹ̀rọ ké.

Ẹnì kan sọ pé “ọpẹ́ o,” kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Ọ̀gá wá gbé ọ̀pá lọ sórí okùn ẹ̀yìn, èyí tó ti búra pé òun ni iṣan ohùn. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó tún kàn án, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ dákẹ́ síbẹ̀. Ó wá rọra gbé ọ̀pá wá sórí okùn iwájú, tínrín báyìí, èyí tó ń dí i lọ́nà.

Píìn! Píìn! Píìn!

Ìlà ojú ẹ̀rọ ń fò sókè sódò. Ọ̀gá gbé ọ̀pá kúrò, ó tún gbé e lé e, bí ẹni pé etí òun ń tan òun jẹ. Ó tún ké.

“Ó pín sí méjì,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Iṣan náà ti yà kó tó débẹ̀. Ti iwájú yìí ló ń gbé ohùn.” Gbogbo wọn mọ ohun tó kù tí kò sọ. Má-mí-kanlẹ̀ fúnra rẹ̀ wá mí kanlẹ̀, ó gùn, ó sì rinlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti wo ojú rẹ̀.

Wọ́n parí apá yẹn, wọ́n bọ́ sí apá kejì, ohunkóhun tó bá funfun, ó ń fi ọ̀pá kàn án kó tó gbé ọ̀bẹ. Nígbà tí obìnrin náà jí, Ọ̀gá tẹ̀ síwájú rẹ̀.

“Mà, ẹ sọ nǹkan fún wa.”

Ó la ojú kan. “Omi,” ó wí. “Ẹ ti gbé gbogbo omi ara mi lọ.”

Ó há, ó gbẹ, àmọ́ ohùn ni. Ìyá Oorun kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń to síríńjì tí kò nílò títò.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Ọ̀gá bá a níbi tó jókòó, fáìlì wà lórí itan rẹ̀.

“O ti kọ ọ́?”

“Mi ò tíì kọ ọ́, sà.”

“Kọ pé ẹ̀rọ dá wa dúró fún ìgbà díẹ̀. Irọ́ kọ́.”

“Òótọ́ náà kọ́, sà.”

Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó dojú kọ ọ́. Láìsí ìbomú, ó dàgbà ju bó ṣe máa ń rí lọ. “Gbọ́ mi. Ohùn obìnrin yẹn wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Bó o bá kọ tìẹ, wọ́n á bi mí ní tèmi. Ìwé tìẹ sì ń bọ̀ lórí tábìlì mi. Kí ló dé tá a fẹ́ kó èyí bá ara wa?”

Ká má tan ara wa, ó wù ú láti gbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á. Àmọ́ bó bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ni, ọwọ́ òun á tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, tàbí ọwọ́ ẹlòmíràn, síríńjì oníbébà pupa á sì ṣì wà nínú abọ́ kan náà. Ó ṣí bírò. Ó kọ tirẹ̀: oògùn náà, iye rẹ̀, aago tó fún un, ìdí tí kò fi yẹ. Ti Ọ̀gá, ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọ̀gá, ó sì na fáìlì sí i.

“Màá sọ fún obìnrin náà fúnra rẹ̀,” ó wí. “Lọ́la. Òun ló lọ́rùn.”

“O ya wèrè ni,” ni Ọ̀gá wí. Kò gba fáìlì náà, kò sì kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà ti jókòó lórí ibùsùn ní wọ́ọ̀dù, báńdéèjì wà lọ́rùn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Dókítà mi!” ó kígbe. “Ẹ wá gbọ́ ohùn mi. Ó lọ, ó bọ̀, bí àlejò tó gbàgbé fìlà.”

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó kọjú síbi tí ẹsẹ̀ ti dún. “Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin náà ò ní rí àìsàn.”

“Ẹ má tíì dúpẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.”

Ó sọ ọ́ tán. Kò fi ẹ̀rọ bojú, kò sì fi ìkánjú bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ ní ó ku díẹ̀. Báwo ni díẹ̀ náà ṣe tó?”

“Àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, sà.”

Obìnrin náà ń wò ó. Ó ń wò ó ṣáá.

“Kí lo sọ?” Kò pè é ní dókítà mi mọ́, ẹ̀rín ti lọ. “Mo sọ fún ẹ. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún ẹ! Mo fi ọkùnrin yìí hàn ẹ́ níbi tó jókòó sí. O ní kí n fọkàn balẹ̀, mo sì fọkàn balẹ̀, mo sùn, mo gbé ara mi fún ẹ bí ọmọ ọwọ́. Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣọ́ nǹkan níbí nìyẹn? Ta ni ì bá máa sọ fún un pé àtẹ̀gùn rèé, iná rèé? Ìwọ? Ṣé wàá kó wá sílé mi?”

Ohùn náà kọ́kọ́ há, àmọ́ bó ṣe ń bínú ló ń là sí i. Àwọn tó wà lórí ibùsùn yòókù ti gbé orí sókè. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́jú sí Ìyá Oorun pé kó máa bọ̀.

“Jẹ́ kó tó,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ọ̀fun rẹ ò tíì jinná.”

“Kò tó! Ẹ fi mí sílẹ̀! Bó bá jẹ́ pé wọ́n gé e ni, kí ni mo fẹ́ fi bínú? Ọwọ́?”

Èémí rẹ̀ já. Ó fi ọwọ́ kan báńdéèjì, ó gbé itọ́ mì, ó sì fajú ro. Nọ́ọ̀sì tún ṣẹ́jú. Ìyá Oorun kò kúrò níbi ẹsẹ̀ ibùsùn. Omi ti dà sílẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó bu omi sínú ife, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó dúró títí tó fi mu ún tán.

“Ẹ máa bá a lọ, mà,” ó wí. “Mò ń gbọ́.”